Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Onígòjé àti Oníkọ̀ǹpútà Sójú Agbo Kan ní Ìbàdàn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ olórin ń bi mí léraléra: "A ní ẹgbẹ́ kékeré tiwa, a ń fi gìtá àti kọ̀ǹpútà dá àrà. A fẹ́ bá àwọn onísákárà tàbí àwọn onídùndún ṣe òde pọ̀. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?" Àwọn bàbá tó ni ẹgbẹ́ orin ìbílẹ̀ náà ń béèrè lọ́nà tiwọn: "Àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ká wá bá àwọn ṣeré. Ta ló máa kọ́kọ́ gun orí ìtàgé? Ta ló ni owó tí èrò bá ná wa?"

Ìdáhùn mi nìyí, láti ọjọ́ tí ẹ máa lọ kí ara yín títí di alẹ́ tí kálukú máa délé. Mo kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ adádúró, èyí tí kò ní ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù lẹ́yìn, tí kò sì sí ẹni tó máa bá a san owó gbọ̀ngàn.

Ohun kan ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn jálẹ̀: ohun èlò tí ohùn rẹ̀ kéré jù lọ ni kí ẹ fi wọn gbogbo ètò. Bí gòjé tàbí agídìgbo bá wà láàárín yín, òun ló máa pinnu irú ibi tí ẹ máa gbà, ibi tí jẹnẹrétọ̀ máa jókòó sí, ẹni tó máa ṣáájú ẹni, àti bí sípíkà ṣe máa ké tó. Dùndún máa dá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gìtá oníná ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń yí. Gòjé olókùn kan kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bí ẹ kò bá sì tọ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bàbá yẹn máa fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ fa ọrun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

Àpẹẹrẹ tí mo máa lò ni ẹgbẹ́ mẹ́ta: onísákárà tó ní gòjé (èèyàn 9), àwọn méjì tó ń fi kọ̀ǹpútà àti gìtá dá àrà, àti onídùndún tó ní fèrè (èèyàn 5). Ẹ yí i padà bó bá ṣe bá tiyín mu.

Ẹ kọ́kọ́ lọ kí wọn

1. Ẹ wá ọ̀gá ẹgbẹ́ kàn. Onílù tí ẹ rí níbi ìgbéyàwó lè fún yín ní nọ́ńbà, àmọ́ kò lè bá yín ṣe àdéhùn. Bí ẹ bá bá ọmọ ẹ̀yìn ṣe àdéhùn tí ọ̀gá kò mọ̀, ẹ ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

2. Ẹ lọ bá a nílé. Ọ̀rọ̀ báyìí kì í parí sórí WhatsApp. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí: ọ̀pọ̀ onísákárà jẹ́ mùsùlùmí, páálí mínírà sì dára ju ìgò ọtí lọ.

3. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré fún yín nínú àgbàlá wọn, láìsí máìkì. Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa, kí ẹ mọ ohun tó ń ké jù àti ohun tó ń sá pamọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

4. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tiyín náà. Ẹ gbé sípíkà kékeré lọ. Bí orin yín bá jẹ́ ariwo ẹ̀rọ tí kò ní lílé tí kò ní ègbè, ẹ má fi pamọ́ títí di ọjọ́ òde. Ẹ sọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń parí, àti ìṣẹ́jú tó máa gbà. Àgbà tó ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ kò ní rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

5. Ẹ béèrè ohun tí wọn kì í ṣe níta. Àwọn ìlù àti orin kan wà tó jẹ́ ti ojúbọ, tí onílù kò ní lù fún àpéjẹ. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má sì béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ wo?

Sátidé ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dábàá, Sátidé sì ni ọjọ́ tó burú jù. Ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ máa ń rí òde ìgbéyàwó àti ìsìnkú, owó ibẹ̀ sì ju tiyín lọ. Bí òde ńlá bá yọjú ní ọ̀sẹ̀ tó ku díẹ̀, ẹ máa fi wọ́n sínú ìṣòro láti yàn. Ìrọ̀lẹ́ Sunday ni mo fara mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ti parí, èrò ti sinmi, àwọn onílù sì lè dé láìsáré.

Ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò kí ẹ tó tẹ pósítà:

- Ọdún Òkè'Bàdàn, nínú oṣù Kẹta.
- Àsìkò egúngún, pàápàá ọjọ́ tí Olóòlù bá jáde. Obìnrin kì í rí Olóòlù, nítorí náà ẹ ò lè pe àwọn obìnrin wá sí apá ibi tó máa gbà kọjá lọ́jọ́ yẹn.
- Oṣù Ramadan. Ẹ sún un síwájú tàbí sẹ́yìn.
- Oṣù Kejìlá. Ọwọ́ ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ máa ń dí, owó sípíkà àti gbọ̀ngàn sì máa ń gun òkè.
- Òjò. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, ẹ má ṣe òde ìta gbangba láìsí ìbòrí. Yàtọ̀ sí èrò tó máa tú ká, ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kí awọ ìlù rọ̀, ohùn rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ẹ fún àwọn onílù ní àyè gbígbẹ láti tọ́jú ìlù wọn kó tó kàn wọ́n.

Ibi tó gba gòjé

Gbọ̀ngàn ńlá máa ń wuni nínú fọ́tò. Àmọ́ níbi tí òrùlé bá ga, tí ògiri jẹ́ símẹ́ǹtì, tí èrò kò sì kún un, ohùn máa ń yí kiri, ìlù á máa gun ara wọn, ọ̀rọ̀ orin á sì di àdàpọ̀. Mi ò ní gba ibi tó tóbi tó Gbọ̀ngàn Màpó fún ẹgbẹ́ mẹ́ta àti èrò ọgọ́rùn-ún. Gbọ̀ngàn ìṣeré tó ní ìjókòó tó sún mọ́ ìtàgé ló dára jù, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Gbọ̀ngàn Àṣà tó wà ní Mọ́kọ́lá náà ṣeé lò bí ẹ bá lè kún un. Àgbàlá ilé oúnjẹ ní Bódìjà tàbí Ring Road dára fún èrò kékeré, bí olóhun ibẹ̀ bá gbà láti pa tẹlifíṣọ̀n bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Ẹ lọ wo ibẹ̀ ní ọjọ́ àti aago kan náà tí ẹ fẹ́ ṣeré. Kí ẹnì kan dúró sórí ìtàgé, kó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ àtẹ́wọ́ náà lẹ́yìn tó ti gbé ọwọ́ sílẹ̀, gòjé máa ṣòro níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè:

- Aago mélòó ni wọ́n máa ṣí ilẹ̀kùn fún wa láti gbé ẹrù wọlé? (Aago kan ọ̀sán ni mo máa ń fẹ́.)
- Ṣé owó iná àti owó jẹnẹrétọ̀ wà nínú owó gbọ̀ngàn?
- Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà wo ni wọ́n sì ń lo sípíkà tiwọn?
- Ibo ni àwọn àgbà máa jókòó sí kó tó kàn wọ́n? Ẹ má jẹ́ kí bàbá ẹni àádọ́rin ọdún máa dúró lẹ́yìn ọkọ̀.
- Ibo ni wọ́n ti lè ṣe àlùwàlá kí wọ́n sì kírun?

Ẹ kọ lẹ́tà sí DPO àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi ẹ̀dà yẹn sọ́wọ́.

Iná

Ẹ má gbọ́kàn lé iná NEPA, ẹ má sì gbàgbé pé ó lè dé nígbà tí ẹ kò retí rẹ̀. Iná tó lọ máa ń dá orin dúró lóòótọ́, àmọ́ iná tó dé lójijì pẹ̀lú agbára àpọ̀jù ló máa ń jó ẹ̀rọ.

1. Ẹ kọ iye wáàtì gbogbo ẹ̀rọ sílẹ̀: sípíkà, míksà, gìtá, kọ̀ǹpútà, gílóòbù, fáànù. Ẹ ro ó pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ 5 kVA máa ń gbé nǹkan bíi 4 kW. Ẹ má lo ju 3 kW lórí rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé òde.

2. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ògiri, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, kí èéfín rẹ̀ kọjú síta. Èéfín yẹn ń pa èèyàn láìlóòórùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ariwo rẹ̀ lè bo ohùn gòjé mọ́lẹ̀ ní tòsí, nítorí náà ẹ ra wáyà gígùn tó nípọn.

3. Ẹ so kọ̀ǹpútà àti míksà mọ́ inverter tàbí UPS, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé wọn dúró bí iná bá lọ. Bí iná bá ń yí láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀, sípíkà lè kú ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ kú.

4. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń yí iná. Kó tó yí i, kó gbé ọwọ́ sókè kí ẹni tó wà nídìí míksà lè pa ohùn gbogbo. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ìró tó máa bú jáde lè ya awọ sípíkà.

5. Ẹ ra epo tó máa tó wákàtí mẹ́jọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òde wákàtí mẹ́rin ni. Àyẹ̀wò ohùn ń mu epo.

Máìkì àti ìtò ohùn

Iye máìkì fún àpẹẹrẹ wa nìyí:

- Gòjé: 1. Ẹ gbé e sí ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí ojú awọ. Ẹ má gbé e sí iwájú bàbá tó ń fà á, ojú awọ ni ohùn ti ń jáde.
- Sákárà, gbogbo wọn: 2.
- Ẹni tó ń lé orin: 1. Àwọn ẹlẹ́gbè: 2.
- Ìyá ìlù: 1. Àwọn dùndún yòókù àti gúdúgúdú: 1. Fèrè: 1.
- Kọ̀ǹpútà: ihò 2. Gìtá: 1.
- Atọ́kùn ètò: 1.

Ó di 13. Ìdí nìyí tí míksà oníhò 12 kò fi ní tó, máìkì atọ́kùn sì ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ háyà oníhò 16. Bí gbọ̀ngàn bá kéré, ẹ yọ ti dùndún kúrò pátápátá.

Ẹ má fi ohùn gòjé sínú sípíkà ilẹ̀ tó kọjú sí olórin. Máìkì rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í hu, ẹni tó ń darí ohùn á sì gé e lulẹ̀, gòjé á tún sọnù. Ẹ jẹ́ kí onígòjé jókòó sún mọ́ ẹni tó ń lé orin, kí wọ́n máa gbọ́ ara wọn tààrà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú àgbàlá nìyẹn, kò sí ìdí tí ẹ fi máa yí i padà.

Ìtò ohùn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwọn ọ̀dọ́ àti àgbà, bẹ́ẹ̀ ó rọrùn. Onígòjé kì í to okùn rẹ̀ sí 440 Hz, ìwọ̀n ohùn tí wọ́n sábà máa ń to gìtá àti kíbọ́ọ̀dù sí. Ohùn ẹni tó ń lé orin ló ń tẹ̀ lé. Àwọn irin agídìgbo náà, ẹni tó ṣe é ló tò wọ́n, títò wọ́n padà kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ lẹ máa yí:

1. Ẹ ní kí bàbá fa okùn gòjé láìtẹ ìka mọ́ ọn, fún bí ìṣẹ́jú kan.
2. Ẹ fi áàpù títò gìtá inú fóònù yẹ ohùn náà wò, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó gbé wá.
3. Ẹ sún kíbọ́ọ̀dù tàbí kọ̀ǹpútà lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ní ibi tí wọ́n ti ń yí 440 Hz sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ to gìtá tẹ̀ lé e.
4. Ẹ tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ òde, lẹ́yìn tí gbọ̀ngàn bá ti gbóná. Okùn máa ń yí.

Ohun kan náà ni fún eré sísá orin. Ẹ má fi ìró kọ̀ǹpútà tó ń ka ìgbà sí onílù létí. Ẹni tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí agogo ló ń di ìgbà mú. Kí oníkọ̀ǹpútà máa fi ìka tẹ ìgbà náà wọlé, kó sì tún un tẹ̀ nígbàkígbà tí orin bá sáré. Ó sì máa sáré, nítorí bí agbo bá ṣe ń gbóná ni onílù ń yára, ohun tó sì mú kí orin náà dùn nìyẹn.

Ta ló máa kọ́kọ́ ṣeré?

Ìṣòro gidi wà níbí. Etí tó ti gbọ́ ariwo fún wákàtí kan kò lè gbọ́ gòjé mọ́, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó rọra ṣáájú. Àmọ́ ẹni tó bá ṣáájú ló máa ń ṣeré fún àga òfìfo, kò sì bójú mu kí àwọn àgbà wá ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń lo àsìkò ìrun láti sinmi etí. Oòrùn máa ń wọ̀ ní Ìbàdàn láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje kọjá díẹ̀, bí oṣù bá ṣe rí. Ẹ wo àsìkò ìrun ọjọ́ yẹn, kí ẹ tò ó báyìí:

- 1:00 ẹrù wọlé, iná
- 2:30 àyẹ̀wò ohùn. Ẹni tó máa ṣe kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó máa ṣáájú ló ń ṣe kẹ́yìn, kí ohun èlò rẹ̀ lè wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀
- 5:30 ilẹ̀kùn ṣí. Oníkọ̀ǹpútà ń ṣe orin jẹ́jẹ́ bí èrò ṣe ń wọlé, gìtá kò tíì dá sí i
- 6:40 ìsinmi ìrun, kò sí orin kankan, kò sí DJ
- 7:15 onísákárà, ìṣẹ́jú 45
- 8:10 onídùndún àti fèrè, ìṣẹ́jú 35. Gìtá àti kọ̀ǹpútà wọlé bá wọn ní ìdajì
- 8:50 orin àjọkọ
- 9:15 ó parí

Ẹ má fi DJ kún àsìkò ìsinmi. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹ fi pèsè àyè fún gòjé.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, Micra (takisí kékeré) máa ń wọ́n lójú ọ̀nà, àwọn tó wá láti Mọ́níyà tàbí Akóbọ̀ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí orin àjọkọ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣe àdéhùn àmì ìparí pẹ̀lú ọ̀gá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rán ọmọdé lọ dúró níwájú bàbá kó máa fi ìka hàn án pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹlẹ́gbè tàbí oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, máa wo aago, kó sì sọ fún un létí.

Owó

Àríyànjiyàn tó wọ́pọ̀: ṣé ẹgbẹ́ ni ká fi pín in, àbí orí? Bí ẹ bá fi ẹgbẹ́ pín in, èèyàn méjì máa gba iye tí èèyàn mẹ́sàn-án gbà. Bí ẹ bá fi orí pín in, àwọn méjì tó gbé kọ̀ǹpútà àti gìtá olówó gọbọi wá máa gba owó táṣẹ́rẹ́ lásán. Ẹ pín in sí méjì: ìdajì fún ẹgbẹ́, ìdajì fún orí.

Àpẹẹrẹ: tíkẹ́ẹ̀tì mú ₦420,000 wá, ìnáwó jẹ́ ₦180,000. Ó ku ₦240,000.

- Ìdajì àkọ́kọ́, ₦120,000, sí ẹgbẹ́ mẹ́ta: ₦40,000 lẹ́gbẹ́.
- Ìdajì kejì, ₦120,000, sí orí 16: ₦7,500 lórí.
- Onísákárà (9): ₦107,500. Onídùndún (5): ₦77,500. Oníkọ̀ǹpútà (2): ₦55,000.

Owó mọ́tò kò sí nínú èyí. Ó wà lára ìnáwó, ẹ sì máa san án ṣáájú ọjọ́ òde, yálà èrò wá tàbí wọn kò wá. Ẹgbẹ́ tó bá gbé ìlù mẹ́jọ láti Ọjẹ́ wá sí Samonda kò lè wọ Micra kan.

Ẹ kọ àdéhùn náà ní Yorùbá, ojú ìwé kan péré, kí ẹ sì kà á sókè fún gbogbo èèyàn níbi ìgbaradì. Kí ó sọ: iye ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bí owó ṣe máa pín, ẹni tó ń di owó mú, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí òjò bá dá òde dúró, àti ọ̀rọ̀ gbígba ohùn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, fún ẹni tó ń ṣeré ní ẹ̀tọ́ lórí gbígba eré rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ò lè ká ohùn bàbá onígòjé, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú orin yín, kí ẹ sì gbé e síta láìgba àṣẹ rẹ̀. Ẹ béèrè, ẹ kọ iye tó máa gbà, kó fọwọ́ sí i.

Owó tí èrò ń ná olórin

Onísákárà máa ki èèyàn, ẹni tí wọ́n kì máa dìde, ó sì máa fẹ́ lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí. Ara orin náà ni. Àmọ́ òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, abala 21, ka fífọ́n náírà àti jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. EFCC sì ń gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó ṣètò òde kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

1. Ẹ gbé igbá tàbí àwo kan síwájú ẹgbẹ́ tó wà lórí ìtàgé. Kí ẹni tí wọ́n ń kì wá fi owó síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó tẹríba, kó padà sí àyè rẹ̀.
2. Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ náà gàdàgbà sórí páálí, kí ẹ sì gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá.
3. Kí atọ́kùn kéde èyí ṣáájú, ní Yorùbá tó dùn, kó má dà bí ìhàlẹ̀.

Èmi gbà pé ẹgbẹ́ tó wà lórí ìtàgé ló ni owó inú igbá, kò sì gbọdọ̀ wọ inú owó àjọpín. Orin kíkì ni iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ní pàṣípààrọ̀, kí wọ́n gbà pé kíkì kò ní fa ìṣẹ́jú 45 gùn. Owó tó bá wọ igbá nígbà orin àjọkọ, ẹ fi orí pín in.

Orin àjọkọ

Ohun tí èrò máa rántí nìyí, ibẹ̀ ni kí ẹ sì lo àsìkò ìgbaradì yín lé. Ìgbaradì méjì tó: ọ̀kan ní àgbàlá àwọn àgbà, ọ̀kan níbi tí ẹ̀rọ yín wà.

1. Ẹ mú orin kan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ìbílẹ̀, èyí tí ègbè rẹ̀ kúrú. Àwọn oníkọ̀ǹpútà ló ń kọ́ ègbè náà. Ègbè kì í yí padà, nítorí náà ó rọrùn láti kọ́ àrà sórí rẹ̀, ẹni tó ń lé orin á sì ní òmìnira láti lọ sókè sódò.

2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gòjé nìkan. Kí ohùn ẹ̀rọ wọlé lábẹ́ rẹ̀, kó má bo orí rẹ̀.

3. Bí ẹ bá fẹ́ ká ìlù dùndún kí ẹ sì máa tún un lù nínú kọ̀ǹpútà, ẹ bi onílù pé kí ni ìlù náà ń wí. Ìlù yẹn ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gé e ní ìdajì, ẹ lè máa tún ìdajì òwe sọ, tàbí ìdajì oríkì ẹnì kan, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì máa di nǹkan mìíràn létí gbogbo ẹni tó gbọ́ ìlù. Ibi tí gbólóhùn bá parí sí ni kí ẹ ti gé e.

4. Ẹ má fi ẹ̀rọ yí ohùn ẹni tó ń lé orin sókè sódò. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa dún padà bí inú àpáta, ẹ ṣe é fún ègbè nìkan.

5. Ẹ pinnu bó ṣe máa parí. Ìyá ìlù ló ń parí rẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Nígbà tó bá lu àmì rẹ̀, kí oníkọ̀ǹpútà gbé ọwọ́ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún apá yìí ṣe léraléra, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú.

Ìpolówó

Èrò méjì lẹ ń wá, wọn kì í sì gbọ́ ìròyìn láti ojú kan. Fún àwọn tó fẹ́ràn sákárà, ẹ lọ sí rédíò Yorùbá, bí Amúlùdùn FM 99.1. Ẹ mú onígòjé dání, kó fa nǹkan díẹ̀ níbẹ̀. Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Diamond FM 101.1 ti Yunifásítì Ìbàdàn, Instagram, àti pósítà ní Àgbówó. Lórí pósítà, kí orúkọ ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tóbi bákan náà. Ẹ má kọ "pẹ̀lú àwọn onílù ìbílẹ̀" sí abẹ́ orúkọ tiyín. Wọ́n ní orúkọ.

Bí owó kò bá tó

Ẹ yọ sípíkà kúrò pátápátá. Àgbàlá kan, èrò bí ogójì, àga yípo, kò sí ìtàgé. Onísákárà kò nílò iná. Kí ẹ̀yin náà lo sípíkà kékeré oníbátìrì, kí ẹ yí i wálẹ̀ títí ohùn rẹ̀ máa fi rẹlẹ̀ díẹ̀ sí gòjé. Onídùndún lè dín sí èèyàn méjì. Tíkẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ohun tí ọwọ́ kálukú bá ká, nínú igbá. Mo ti gbọ́ orin tó dùn jù nínú irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ju ti gbọ̀ngàn onísípíkà mẹ́jọ lọ, mo sì ń gba ẹgbẹ́ tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ níyànjú pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn òde, ní alẹ́ yẹn gan-an

- Ẹ ka owó lójú aṣojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i.
- Ẹ san án kí ẹnikẹ́ni tó kúrò níbẹ̀. "A máa fi ránṣẹ́ lọ́la" ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ fẹ́ bá ọ̀dọ́ ṣe òde mọ́.
- Kí ọkọ̀ àwọn àgbà kọ́kọ́ lọ. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù títí ẹ máa fi gbọ́ pé wọ́n délé.
- Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ohùn àti fídíò tí ẹ gbà. Bí ọ̀gá ẹgbẹ́ kò bá lo WhatsApp, ẹ fi sínú mẹ́mórì káàdì, kí ẹ gbé e lọ sílé rẹ̀, kí ẹ sì bá a gbọ́ ọ títí tó fi parí kí ẹ tó dá ọjọ́ mìíràn.